Dò, Re, Mí: Èdè Ítálì Lẹ́nu Akọrin Yorùbá

Ẹni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí ní Fìdítì tàbí Ìlọrà ti fi èdè Ítálì sẹ́nu, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ Ítálì ni soprano, alto àti solo. Sopra ni "òkè". Nítorí náà soprano ni ohùn tí ó lékè. Piano ni "jẹ́jẹ́," forte ni "kíkankíkan." Da capo, èyí tí ó ń dá akọrin padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, kò ju "láti orí" lọ.

Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà dé. Ní nǹkan bí ọdún 1025, Guido, mọ́ńkì kan ní ìlú Arezzo, ṣàkíyèsí orin ìsìn Látìn kan tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ìpele kan ga ju ti ìṣáájú lọ. Ó mú sílébù àkọ́kọ́ nínú ìlà mẹ́fà, ó sì fi wọ́n sọ ohùn orin lórúkọ: ut, re, mi, fa, sol, la. Láàrin ọdún 1600 sí 1700 ni àwọn ará Ítálì fi do rọ́pò ut. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Curwen (1816–1880) sọ ọ́ di Tonic Sol-fa fún àwọn tí kò lè ka ìwé orin. Èyí ni àwọn míṣọ́nnárì gbé wá. Nígbà tí ìjọ CMS sì kó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn láti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, èyí tí ó wá di St. Andrew's College, ìmọ̀ náà dé ìtòsí Ìlọrà àti Fìdítì.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ohùn orin Òyìnbó kò bìkítà fún ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ọkọ́ àgbẹ̀ a di ọkọ̀. Nítorí èyí ni J. J. Ransome-Kuti ṣe fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, tí a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips náà fi ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, jà fún ọ̀ràn kan náà.

Ohun ìyanu ni pé irinṣẹ́ àlejò náà ni ó wá di olùgbèjà. Dò di ohùn ìsàlẹ̀, re di ohùn àárín, mí di ohùn òkè. Ọkọ́ ni re mí. Ọkọ̀ ni re dò. Ọkọ ni re re. Ohun tí Guido ṣe fún orin ni olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ní èdè abínibí rẹ̀.

Yorùbá tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè Ítálì kì í ṣe òfìfo nígbà náà. Fáwẹ̀lì méje ni Ítálì ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u, gẹ́gẹ́ bí fáwẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kì í fi àmì sísàlẹ̀. Pesca tí a bá pè pẹ̀lú e ni ẹja pípa. Pẹ̀lú ẹ, èso kan ni. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kíákíá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò fún un ní iṣẹ́: "mo kọrin, o kọrin, ó kọrin" kò yí padà lọ́dọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n canto, canti, canta ni ti Ítálì. Ẹnu ti mọ ọ̀nà. Ọpọlọ ni ó kù kí ó tẹ̀lé e.