Àwọn Tó Ni Rédíò àti Àmì-Ẹ̀yẹ Orin Orí Tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà

Ìgbì afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rédíò ń gbà sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Lójú òfin, ará ìlú ló ni ín. Ìwé àṣẹ tó ní ọjọ́ tí yóò parí ni ìjọba ń fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, àdéhùn ibẹ̀ sì ni pé kí ó fi ṣe ohun tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní. Inú àdéhùn yìí ni àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nípa iye ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹnì kan ṣoṣo lè kó sábẹ́ ara rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí àmì-ẹ̀yẹ orin tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kò jìnnà sí i, torí ìbéèrè kan náà ló wà nídìí méjèèjì: ta ló láṣẹ láti yan orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbọ́, kí sì ni ẹni náà ń wò kó tó yàn?

Òfin Rédíò ti ọdún 1927 àti Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 1934 ni ìpìlẹ̀. Ti 1934 ló dá àjọ FCC sílẹ̀, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ títí dòní. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi rí i pé agbára ti ń kóra jọ sọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ NBC, tí ilé-iṣẹ́ RCA dá sílẹ̀ ní 1926, ní ìsokọ́ra ilé-iṣẹ́ rédíò méjì, Red àti Blue, tó ń gbé ètò kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní 1941, FCC pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní irú ìsokọ́ra bẹ́ẹ̀ méjì. NBC gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì fìdí rẹmi ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1943. Ó ta Blue, òun ló wá di ABC. Ní àwọn ọdún 1950 ni òfin méje-méje dé: ilé-iṣẹ́ AM méje àti FM méje ni ẹnì kan lè ní jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Òfin yìí lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, tẹlifíṣọ̀n ti gba eré oníṣe lọ́wọ́ rédíò, àwo orin ló kù tí rédíò fi ń jẹun. Atọ́kùn ètò ló ń yan àwo tó máa gbé sáfẹ́fẹ́, àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù sì tètè mọ ohun tí wọ́n fi ń rí ojú rere rẹ̀: owó ẹ̀yìn. Nígbà tí Ilé Aṣojú-ṣòfin ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1960, Alan Freed, atọ́kùn tó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rock and roll, ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Dick Clark, tó ń ṣe ètò American Bandstand lórí ABC, náà jókòó níwájú ìgbìmọ̀. ABC ti ní kó ta gbogbo ìpín tó ní nínú òwò orin, ó sì ti tà wọ́n. Òfin tó jáde ní ọdún yẹn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba owó lórí orin láìkéde rẹ̀ fún olùgbọ́. Àwọn onílé-iṣẹ́ sì rí àyè níbẹ̀ láti gba àṣẹ yíyan orin lọ́wọ́ atọ́kùn, wọ́n gbé e fún ọ̀gá kan tó jókòó sí ọ́fíìsì. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nígbà tí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń bójú tó ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn 1996, ó di nǹkan ńlá.

Àmì-ẹ̀yẹ orin ní ìtàn tirẹ̀. Recording Academy, ẹgbẹ́ àwọn olórin àti àwọn tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀, fìdí múlẹ̀ ní 1957, ó sì fún àwọn ènìyàn ní Grammy àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1959. Ọdún 1971 ni ABC kọ́kọ́ fi ayẹyẹ náà hàn ní tààrà bó ṣe ń lọ. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ CBS ní 1973, ABC wá òmíràn tí yóò fi dí àyè rẹ̀, Dick Clark ló sì bá a dá American Music Awards sílẹ̀, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní oṣù Kejì ọdún 1974. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn tó ń fi orin ṣiṣẹ́ ló ń dìbò fún Grammy. Ní ti American Music Awards, ará ìlú ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn, orin tó tà, tí rédíò sì ti gbé léraléra, ni wọ́n sì ń tò síwájú wọn kí wọ́n yàn. Ẹni tí rédíò kò bá gbé orin rẹ̀, ó ṣòro kí orúkọ rẹ̀ tó dé inú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló sọ ayẹyẹ méjèèjì di ọjà ńlá, òun náà ló sì pín orin sí èyí tó yẹ ní fífihàn àti èyí tí kò yẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1984, Michael Jackson gba Grammy mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọdún yẹn kan náà ni orúkọ King Sunny Adé wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀ka orin ìbílẹ̀, nítorí àwo Synchro System. Kò gbà á, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Ní 1989, tí orin ráàpù kọ́kọ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ náà fúnni ṣáájú kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. DJ Jazzy Jeff àti The Fresh Prince tí wọ́n jẹ ẹ́ kọ̀ láti lọ, àwọn akẹgbẹ́ wọn mélòó kan sì dúró tì wọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún, torí ráàpù ti ń tà káàkiri orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn.

Òfin tó yí gbogbo nǹkan padà ni Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1996. Ó fagi lé òté tó wà lórí iye ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹnì kan lè ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Èyí tó kù ni ti ìlú kọ̀ọ̀kan: níbi tí ilé-iṣẹ́ rédíò bá tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan lè ní mẹ́jọ, bí èyí tó wà lórí AM tàbí FM kò bá ti ju márùn-ún lọ. Ọjà bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, iye àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ rédíò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, bẹ́ẹ̀ ni iye ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Clear Channel ló jẹ níbẹ̀ jù. Lowry Mays àti Red McCombs ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní San Antonio, Texas, ní 1972, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ FM kan ṣoṣo. Nǹkan bí 40 ló ní kí òfin náà tó jáde. Láàárín ọdún 2000 sí 2003, wọ́n ti tó bí 1,200. Ní 2000, ó tún ra SFX, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìnáwó orin gbangba. Ẹni tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ló wá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ibi tí olórin yóò ti kọ ọ́. Inú ilé-iṣẹ́ rédíò náà yí padà. Atọ́kùn kan á jókòó sí ìlú kan, á gba ohùn sílẹ̀ fún ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn, á máa sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀, á máa dárúkọ òpópónà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a to ohùn náà pọ̀ mọ́ orin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minot, ní ìpínlẹ̀ North Dakota, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé aṣòfin. Lóru ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2002, kété lẹ́yìn aago kan ààbọ̀, ọkọ̀ ojú irin kan yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́bàá ìlú náà, gáàsì ammonia sì tú jáde láti inú rẹ̀. Kùrukùru funfun bo àwọn ilé tó wà nítòsí. Ẹnì kan kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn gba ìtọ́jú. Clear Channel ló ni gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò olówò mẹ́fà tó wà nílùú. Àwọn ọlọ́pàá pe èyí tó yẹ kó kéde ìkìlọ̀, wọn kò rí ẹni tó gbé fóònù. Ilé-iṣẹ́ náà ní òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀, pé àwọn ọlọ́pàá ni kò mọ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ lò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi wà níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tan rédíò wọn lóru ọjọ́ náà láti mọ ibi tí wọn yóò sá gbà, orin ni wọ́n ń gbọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ohun tó mú rédíò àti àmì-ẹ̀yẹ kọlu ara wọn bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2003, nígbà tí ogun Iraq kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Natalie Maines ti ẹgbẹ́ Dixie Chicks sọ lórí ìtàgé ní London pé ojú ń ti àwọn pé Ààrẹ Bush jẹ́ ará Texas bíi tàwọn. Àwọn ni orin wọn ń gòkè jù nínú orin kọ́ńtírì nígbà náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Cumulus, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní ọ̀pọ̀ rédíò, pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé orin kọ́ńtírì dáwọ́ orin wọn dúró. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan lábẹ́ rẹ̀ ní Louisiana ní kí àwọn ènìyàn kó àwo wọn wá, wọ́n sì fi katakata tẹ̀ wọ́n fọ́ ní gbangba. Ní oṣù Keje, Ìgbìmọ̀ Ìṣòwò ti Ilé Aṣòfin Àgbà, tí Sẹ́nétọ̀ John McCain ń darí, pe ọ̀gá Cumulus wá. McCain sọ fún un ní ojúkojú pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti òkè wá jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé kíkó rédíò sọ́wọ́ ẹni díẹ̀ léwu.

Ìwádìí tún ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà. Gabriel Rossman, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi hàn ní 2004 pé ìbínú àwọn olùgbọ́ ló fa ọ̀pọ̀ nínú ìdádúró orin wọ̀nyí, pé àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká gba èyí wọlé. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré tó bá gba ohùn olùgbọ́ rẹ̀ gbọ́ yàtọ̀ sí ọ́fíìsì kan tó pàṣẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yálà olùgbọ́ ibẹ̀ bínú tàbí kò bínú. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, láìsí ìrànlọ́wọ́ rédíò kọ́ńtírì, àwọn Dixie Chicks gba Grammy márùn-ún, títí kan àwo orin ọdún. Ìbò àwọn olórin ẹgbẹ́ wọn ni. Èyí ni ìdí tó lágbára jù láti fi àmì-ẹ̀yẹ sọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣírò láti inú iye ìgbà tí rédíò gbé orin.

Àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá ní àwíjàre. Ọ̀pọ̀ rédíò ló ń pàdánù kí 1996 tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní márùn-ún nílùú kan kò ní fẹ́ kí márààrún máa bá ara wọn du olùgbọ́ kan náà, torí náà yóò pín irú orin láàárín wọn. Future of Music Coalition, ẹgbẹ́ kan tó ń gbìjà àwọn olórin, dáhùn ní 2002 pé orúkọ ni wọ́n pín, pé ọ̀pọ̀ orin kan náà ló ń yí láti ọ̀kan dé èkejì. Owó ẹ̀yìn náà tún padà wá. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Sony BMG san mílíọ̀nù 10 dọ́là ní 2005 láti parí ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, Eliot Spitzer, gbé dìde. Ní 2007, Clear Channel, CBS Radio, Citadel àti Entercom jọ san mílíọ̀nù 12.5 dọ́là fún FCC. Ohun tó burú jù fún olórin kò sì yí padà: ẹni tó ṣẹ̀dá orin ni rédíò AM àti FM ń sanwó fún, kò sí kọ́bọ̀ fún ẹni tó fi ohùn kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń gbé orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń san án. Olórin tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rédíò ló ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ jù.

Ní 2014, Clear Channel yí orúkọ padà sí iHeartMedia. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ iHeartRadio Music Awards, tí NBC kọ́kọ́ fi hàn. Báyìí, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin káàkiri Amẹ́ríkà ló ń dé olórin ládé níwájú kámẹ́rà. Bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yẹ ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wò kó rí i pé ó mọ́, ó ṣòro láti sọ. Gbèsè ni kò jẹ́ kí agbára náà dúró gbọn-in: ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iHeartMedia tọrọ ààbò ilé ẹjọ́ lórí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là. Cumulus ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 2017, ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá mìíràn, Audacy, sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlú kéékèèké ló kọ́kọ́ san lára gbèsè wọ̀nyí, pẹ̀lú iṣẹ́ wọn.

Àwọn tó dìde lòdì sí kíkó rédíò sọ́wọ́ ẹni díẹ̀ kò kéré. Prometheus Radio Project, ẹgbẹ́ kan láti Philadelphia, bá FCC ṣẹjọ́ títí ilé ẹjọ́ fi dá òfin tí FCC fi dẹ òté lórí níní ilé-iṣẹ́ ní 2003 dúró ní 2004. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin tó ṣí ọ̀nà fún rédíò kéékèèké tí agbára wọn kò ju wátì 100 lọ, tí ìjọ, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ àdúgbò lè ní. Ṣùgbọ́n ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá FCC láre láti fagi lé òfin tó ní kí oníwèé ìròyìn má ní rédíò nílùú kan náà.

Ní ti Grammy, àwọn ìgbìmọ̀ àṣírí tó ń yan àwọn olùdíje parí ní 2021, lẹ́yìn tí olórin The Weeknd fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ní 2024 ni ẹ̀ka orin Áfíríkà wọlé. Burna Boy, Davido, Ayra Starr àti Asake pẹ̀lú Olamide díje. Tyla ti South Africa ló gbà á, Tems sì gbà á ní 2025. Ayẹyẹ ọ̀sán tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì fúnni, ṣáájú ètò alẹ́ ti CBS. Burna Boy kọrin nínú ètò alẹ́ 2024 náà. Láti 2027, Disney ni yóò máa fi Grammy hàn, lórí ABC, fún ọdún mẹ́wàá.