Ìwé àti Ènìyàn: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Ti Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ní ọmọ ní Ìlú Ọba báyìí, tàbí tí wọ́n ń kó owó jọ láti rán ọ̀kan lọ. Ìrìn àjò kì í ṣe tuntun sí wa. Àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti tajà ní Kumasi àti Tamale nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Gánà ní Gold Coast. Ọ̀dọ̀ ará ilé ni àlejò ń wọ̀ sí. Ẹni náà ni yóò fi ọjà hàn án, tí yóò sì gbé ọjà fún un láwìn kó tó dá dúró.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti bímọ níbẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Wọ́n ní ènìyàn, wọn kò ní ìwé. Ẹsẹ̀ méjì tí àlejò fi ń dúró nìyẹn, ọ̀kan kò sì tó.

Ìwé

Láti ìparí ọdún 2024, Ìlú Ọba kò lo káàdì ìgbélùú mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí wà, wọ́n ń pè é ní eVisa. Onílé àti ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ yóò béèrè fún un. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ara ẹni ni kí ọmọ fi ṣí àkáǹtì yìí, kó má jẹ́ ti ẹni tó bá a ṣe ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, lè pàdánù físà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa retí owó ní kété tó bá dé.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún oyè gíga bíi ti ọ̀mọ̀wé. Kí tọkọtaya jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó san owó ilé ìwé.

Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun ti sé. Ẹni tó bá ṣì ń ta físà iṣẹ́ yìí fún yín, jìbìtì ló ń lù.

Ní ti ilé, kí àlejò má san owó ilé tí òun tàbí ẹni tó fọkàn tán kò tíì rí. Òfin ọdún 2019 sọ pé owó ìdúró tí onílé ń gbà ní England kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tí àlejò sábà máa ń gbà. Kó tún tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní GP, ọ̀fẹ́ ni. Kó má dúró di ọjọ́ àìsàn.

Ènìyàn

Ọdún 1961 ni àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ Muslim Association of Nigeria sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́sálásí wọn wà ní Old Kent Road. Ilé ọtí ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Kí ọmọ yín wá irú jámáà bẹ́ẹ̀ kàn ní Jímọ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti rí ẹni tí yóò fi Yorùbá béèrè àlàáfíà rẹ̀, àti ẹni tó mọ ọ̀nà iṣẹ́ àti ilé.

Àkókò ìrun yóò kọ́kọ́ rú u lójú. Nílé, wíwọ̀ oòrùn kì í fi wákàtí kan yàtọ̀ yípo ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Mọ̀gàríbì ti wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní àárín oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní oṣù kẹfà. Nígbà òtútù, Àyílà, Àlàásárì àti Mọ̀gàríbì lè bọ́ sí àkókò iṣẹ́. Kó gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́sálásí, kó sì tètè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi díẹ̀ láti kírun, kó má máa yọ́ lọ.

Iṣẹ́ tiwa nílé náà wà. Òtútù àti ìdánìkanwà máa ń mú àlejò. Bí a bá pè é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bó ṣe sùn àti ohun tó jẹ, ká tó sọ̀rọ̀ owó.

Kí Ọlọ́hun Ọba má jẹ̀ẹ́ kí a rán ọmọ lọ kí a pàdánù rẹ̀. Àmín.