Blu-ray

Blu-ray (ọ̀rọ̀ orúkọ): àwo fídíò tí àwòrán rẹ̀ hàn kedere ju ti DVD lọ. Ìtànṣán búlúù tó ń kà á ló fún un lórúkọ. Pupa ni ti DVD. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yọ lẹ́tà "e" kúrò lára "blue" kí òfin lè gbà wọ́n láyè láti sọ orúkọ náà di tiwọn. Ìpele rẹ̀ kan ń gba gígábáìtì 25. HD DVD ti Toshiba, orogún rẹ̀, ń lo ìtànṣán kan náà, àmọ́ 15 péré ni ìpele tirẹ̀ kan ń gbà. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan: ní oṣù kìíní ọdún 2008, iléeṣẹ́ fíìmù Warner Bros. gbè sẹ́yìn Blu-ray. Ní oṣù kejì, Toshiba kógbá HD DVD wọlé.