Ìbéèrè tó mọ̀ pé orí lè gbóná

Bí èèyàn bá wọkọ̀ ní Joju, ní Sango-Ọ̀tà, tó kọrí sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà Aro ló ń lọ yẹn, níbi tí Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní 1954. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa: wọ́n á ṣí ìwé, orí á máa gbóná, ojú á ṣú, ohun tí wọ́n kà ò ní wọlé. “Brain fag” ló pè é. (Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa?)

Ní 1982, Peter Ebigbo ní Enugu gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó dá lé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀: orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lára. Lọ́dún kejì, Zigmond àti Snaith gbé HADS jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè 14 ni, 7 fún àìbalẹ̀ ọkàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ orí fífọ́ àti òòyì kúrò, torí àìsàn ara náà máa ń fa ìwọ̀nyí. Ó bọ́gbọ́n mu. Abiodun dán an wò ní Nàìjíríà, ó sì kọ ọ́ ní 1994 pé ó wúlò.

Síbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé orí ló ń dùn ún lè fàmì sí “rárá” débi púpọ̀, kí wọ́n fún un ní Panadol, kó máa lọ sílé. Bó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ ìdánwò, ìbéèrè Ebigbo ni màá kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó gbé 14 yẹn síwájú ẹ̀.