Ta Ló Ni Iṣẹ́ Náà? Ìgbéjáde àti Ìtẹ́wọ́gbà Àwo-orin Lauryn Hill ti Ọdún 1998

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1998 ni àwo-orin The Miseducation of Lauryn Hill jáde ní Amẹ́ríkà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Ruffhouse àti Columbia. Ọmọ ọdún 23 ni Lauryn Hill nígbà náà. Àkọ́bí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni, oyún èkejì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n ti kọ nípa àwo yìí, síbẹ̀ àríyànjiyàn kan kò tíì rọlẹ̀: ta ló ṣe é? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé àríyànjiyàn náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gba orin kankan sílẹ̀, nítorí pé obìnrin tó ń ṣe ráàpù kì í tètè rí ẹni gbà gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ronú kan iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé obìnrin kò sí nídìí hip hop ṣáájú rẹ̀. MC Lyte gbé Lyte as a Rock jáde lọ́dún 1988, Queen Latifah tẹ̀lé e lọ́dún 1989, àwo Funkdafied tí Da Brat ṣe lọ́dún 1994 sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ Da Brat, wọn a fi orúkọ ọkùnrin kan, Jermaine Dupri, kún un. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Lil' Kim, wọn a ní Notorious B.I.G. ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú ojú yìí náà ni wọ́n fi wo Hill nínú Fugees, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí òun àti Wyclef Jean wà. The Score, àwo wọn ti ọdún 1996, sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohùn Hill ni ayé ń sín jẹ, àmọ́ Wyclef Jean ni ọ̀pọ̀ kà sí ọpọlọ ẹgbẹ́.

Láti ìparí ọdún 1997 wọ inú ọdún 1998 ni Hill fi ṣe àwo tirẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní sítúdíò Chung King nílùú New York, apá kan ní Tuff Gong, sítúdíò ìdílé Bob Marley ní Kingston, Jàmáíkà. Rohan, ọmọ Bob, ni bàbá àkọ́bí Hill, nítorí náà ibẹ̀ kì í ṣe ilé àjèjì fún un. Gordon Williams ló bójú tó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Lákòókò tí ìró ọ̀pọ̀ àwo hip hop ń ti inú ẹ̀rọ jáde, Hill fẹ́ ohun èlò tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ta, tó ń fi ọwọ́ lù. Kò sì fẹ́ kí wọ́n dán ohùn òun títí tí yóò fi máa yọ̀: ó wù ú kí etí gbọ́ ibi tí ohùn ti ha.

Orin “To Zion” ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Gìtá Carlos Santana ń rìn lábẹ́ ohùn Hill, ìlù bíi ti ológun ń tẹ̀lé e, àwọn ẹlẹ́gbè sì ń gbé e sókè bí orin ti ń lọ sópin. Ó ń sọ fún àkọ́bí rẹ̀ pé àwọn kan gba òun nímọ̀ràn kí òun ro ti iṣẹ́ òun, òun sì yan ọmọ. Kò wọ́pọ̀ nínú hip hop ìgbà náà kí abiyamọ fi oyún rẹ̀ ṣe kókó orin, kó sì sọ ọ́ láìtijú, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nínú “Everything Is Everything”, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ John Stephens ló tẹ pianó. Òun ni ayé wá mọ̀ sí John Legend.

Ohun tó so gbogbo orin wọ̀nyí pọ̀ ni ìran kíláàsì tó wà láàárín wọn. Agogo iléèwé dún, olùkọ́ ń pe orúkọ, àwọn ọmọ ń jẹ́ ẹ níkọ̀ọ̀kan. Ó kan Lauryn Hill. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é, pàbó ló já sí. Ras Baraka, akéwì tó padà di olórí ìlú Newark lọ́dún 2014, ló ṣe olùkọ́ náà. Ó ń bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ìfẹ́ jẹ́, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èkejì. Ìwé Carter G. Woodson ti ọdún 1933, The Mis-Education of the Negro, wà lára ibi tí Hill ti fa orúkọ àwo náà yọ. Woodson ń bá ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọmọ dúdú láti kẹ́gàn ara rẹ̀ wí. Hill gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú yàrá àti ọkàn: ọmọ tí kò sí ní kíláàsì wà níta, ó ń fi ara gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwo náà tà ju 422,000 lọ, ó sì gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ Billboard 200. Ìsọ̀rí mẹ́wàá ni wọ́n ti dárúkọ Hill fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Nígbà tí wọ́n pín in ní oṣù Kejì ọdún 1999, ó kó márùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ti Àwo-orin Ọdún wà nínú wọn, àwo hip hop kankan kò sì gba ìyẹn rí títí di ìgbà náà. Lóṣù kan náà, ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, obìnrin adúmáradán tó ní irun dàda. Joan Morgan, nínú ìwé She Begat This tó kọ lọ́dún 2018, fi hàn bí ìrísí yìí ti jinlẹ̀ tó lọ́kàn àwọn ọmọbìnrin dúdú.

Ẹnu kò kò pátápátá o. “Doo Wop (That Thing)” kìlọ̀ fún obìnrin, ó tún kìlọ̀ fún ọkùnrin, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin kan sì rí i pé ó le mọ́ obìnrin ju. Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Ibi tó ti ń bá obìnrin wí nítorí irun àti ìṣaralóge kò dùn mọ́ mi.

Àmọ́ àwo náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lóde nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti New Jersey, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ New Ark, gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn bá a kọ ọ̀rọ̀ orin, àwọn sì bá a ṣe ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún àwọn ní orúkọ tó tọ́. Hill kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 2001, wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn láìsí ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún hú jáde lọ́dún 2018, nígbà tí atẹpianó Robert Glasper gbé e dé orí rédíò, Hill sì kọ èsì gígùn láti sọ pé iṣẹ́ òun ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwo-orin kò sì yàtọ̀. Lójú àwo wákà tiwa, orúkọ olórin ló ń wà. Onílù àti ẹlẹ́gbè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn sọ pé olórin kọ́ ló ni í. Nídìí hip hop Amẹ́ríkà, owó ń tẹ̀lé orúkọ: ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kọ orin ni owó rẹ̀ yóò máa wọlé fún lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ̀dùn àwọn New Ark kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí àwọn kan ṣe fi ẹjọ́ náà gba gbogbo àwo lọ́wọ́ Hill. Snoop Dogg àti The D.O.C. wà lára àwọn tó bá Dr. Dre kọ The Chronic lọ́dún 1992, síbẹ̀ iṣẹ́ Dre ni gbogbo ayé ń pè é. Obìnrin ni wọ́n ń ní kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun nìkan ló ṣe é, bó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọn a tún pè é ní ọ̀kánjúà.

Hill kò tíì ṣe àwo sítúdíò mìíràn tó dá jẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà náà; ìgbohùnsílẹ̀ orí ìtàgé, MTV Unplugged No. 2.0, ló tẹ̀lé e lọ́dún 2002. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2018, Drake gbé “Nice for What” jáde, Cardi B náà sì gbé Invasion of Privacy jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, èyí tí “Be Careful” wà nínú rẹ̀. Ara “Ex-Factor”, orin kan nínú àwo Hill yìí, ni orin méjèèjì ti bu, “Ex-Factor” fúnra rẹ̀ sì bu lára orin Wu-Tang Clan, tí àwọn náà bu lára ohùn Gladys Knight. Lórí orin Drake àti ti Cardi B, orúkọ Lauryn Hill wà nínú àwọn tó kọ ọ́, láàárín ọ̀pọ̀ orúkọ mìíràn.