Nikhil Banerjee ní Maihar: Ìgbà Wo Ni Onísítà Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́?

Bí a bá ń kọ ìtàn ọ̀dọ́ onísítà ní Íńdíà, ọdún tó kọ́kọ́ gorí ìtàgé la sábà máa ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá ka ìdíje tó borí àti àwo orin tó ṣe. Èrò tèmi ni pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò bá iṣẹ́ yìí mu, ẹjọ́ Nikhil Banerjee ni mo sì fẹ́ fi rò ó.

Ọdún 1931 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ a máa ta sítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọmọ ọdún 9 ni Nikhil nígbà tó borí nínú ìdíje sítà gbogbo Bengal. Kò pẹ́ tí All India Radio gbà á síṣẹ́. Kò tíì sí olórin tó kéré tó o lọ́jọ́ orí níbẹ̀. Ọmọ tó ti lórúkọ, tó ti ń gbowó, kí ló tún ń wá? Síbẹ̀, ní 1947, ó forí lé Maihar, ìlú kékeré kan láàárín gbùngbùn Íńdíà, lọ́dọ̀ Allauddin Khan, ó sì tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Aago 4 ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ó di aago 11 alẹ́. Ìsinmi díẹ̀ ló wà láàárín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé ọ̀gá yìí kì í ṣe onísítà. Ó mọ ọ̀pọ̀ ohun èlò, ṣùgbọ́n sarod ló fi gbórúkọ, èyí tí irin dídán bo ojú ọrùn rẹ̀, tí ìka ń yọ̀ lórí rẹ̀ láti ohùn kan dé òmíràn. Ti sítà yàtọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ọwọ́ òsì á fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn lè gòkè bíi ti akọrin, nígbà tí wáyà kékeré tó wà ní ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ń ta á. Bó bá jẹ́ pé bí ìka ṣe ń rìn lórí irin ni Banerjee ń wá, onísítà ni ì bá wá lọ. Rágà ló lọ kọ́: ohùn wo ló ń tẹ̀lé èwo, èwo la ń dúró lé, ọ̀nà wo la fi ń gòkè, èwo la fi ń bọ̀. Ó tún rí ohun mìíràn gbà. A kò bí i sí gharana, agbo-ilé olórin. Maihar ló fún un ní ọ̀kan.

Ẹnìkan lè ní ìtàn ẹni kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ wo Ravi Shankar, onísítà mìíràn: ó ti ń jó kiri Yúróòpù pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Uday, kó tó fi ijó sílẹ̀ lọ sí Maihar ní 1938. Ó gorí ìtàgé ní Allahabad ní 1939, pẹ̀lú Ali Akbar Khan, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1944 kó tó parí ẹ̀kọ́. Ìtàgé yẹn kò tú u sílẹ̀.

Vilayat Khan ló le jù fún àríyànjiyàn mi, n kò sì ní fi pamọ́. Agbo-ilé onísítà ni wọ́n bí i sí. Ní 1936, ó ti ṣe àwo lọ́mọ ọdún 8. Ṣé kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Bàbá rẹ̀, Enayat Khan, kú ní 1938, ọmọ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ akọrin. Ìtasítà bí ẹni ń kọrin, tí ayé fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ọ̀dọ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Ọmọ Enayat la gbọ́ nínú àwo 1936. Vilayat kò tíì dé.

Banerjee kò dúró sí Maihar títí. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó tún lọ jókòó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ali Akbar Khan yìí kan náà. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, n kò ní kọ ọdún ìdíje, n kò sì ní kọ ti rédíò. 1947 ni màá kọ.