Ta Ló Buwọ́ Lu Owó Yìí? Àwọn Tó Ń Kó Owó Bébà Íńdíà Jọ

Íńdíà ni a ń lọ lónìí, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn tó ń kó owó bébà jọ, tí wọn ò sì ní ná an láéláé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bébà kan àti èkejì ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Manmohan Singh, tó ṣe olórí ìjọba Íńdíà láti 2004 sí 2014. Ó ti buwọ́ lu owó lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀. Láti 1982 sí 1985, òun ni gómìnà Reserve Bank of India, báńkì àpapọ̀ wọn. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù rẹ̀ tún wà lórí bébà rúpì kan tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Kí ló fà á? Ìjọba ló ń gbé bébà rúpì kan jáde, kì í ṣe báńkì. Akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ìṣúná ló ń buwọ́ lù ú, ipò yẹn ni Singh sì wà nígbà náà.

Ẹ wá wo owó alàwòrán Gandhi tó jáde ní 1996. Ẹ yí i padà. Bí kò bá sí ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú 2005. Bó bá ní àmì ₹, ó di ẹ̀yìn 2010 tí ìjọba gba àmì náà wọlé. Bí ìràwọ̀ bá wà láàárín lẹ́tà àti nọ́ńbà, owó arọ́pò ni: láti 2006, bí bébà kan bá bàjẹ́ nílé ìtẹ̀wé, oníràwọ̀ ni wọ́n máa ń fi dí àyè rẹ̀. Lẹ́tà kan tún máa ń wà lábẹ́ nọ́ńbà, wẹ́rẹ́ báyìí. Bí lẹ́tà yẹn bá yàtọ̀, oríṣi mìíràn nìyẹn lójú wọn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2016, Narendra Modi kéde pé rúpì 500 àti 1,000 ò ní ṣeé ná mọ́ láti ọ̀gànjọ́ òru. Nínú iye owó tó wà níta, nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 ló bá a lọ. Ní 2017, òfin dé: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní ju 10 lọ lọ́wọ́ nínú bébà àtijọ́ náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí àti àwọn tó ń kó owó jọ lè ní 25. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ yóò san owó ìtanràn.

Mo ṣírò ó wò. Gómìnà mẹ́fà ló jẹ tẹ̀ léra láàárín 1996 àti 2016. Ẹ fi ọdún ìtẹ̀wé kún un, ẹ fi lẹ́tà kún un, ẹ fi ìràwọ̀ kún un. Kíá ni 25 ti kún. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kó wọn jọ á wá jókòó, á máa yan èyí tó máa yọ̀ǹda. Mo mọyì pé òfin náà rántí wọn, àmọ́ mo rò pé 25 kéré. Ṣe ni wọ́n gé èyí tó padà sí báńkì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ni ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ iwájú yóò ti rí i.